Ṣọ́ọ̀bù Tí Ó Ń Mú Kí Jẹnẹrétọ̀ Onígáàsì Ṣiṣẹ́ Geere: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Wọn ní Ìjókà, Akúrẹ́

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo pẹtiróòlù ti dópin, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Akúrẹ́ ni ó ti yí jẹnẹrétọ̀ wọn padà kí ó lè máa lo gáàsì ìdáná. Ìyípadà náà fúnra rẹ̀ kò le. Ohun tí ó le ni kí ẹ́ńjìnnì tí a yí padà máa sáré ní ìwọ̀n kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí di alẹ́, kí ó má ṣe máa ké sókè kí ó tún máa rẹlẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ kú, kí gílóòbù má sì máa ṣẹ́jú. Ẹni tí ó bá gba òpópónà Ọba Adésídà kọjá nígbà tí iná bá lọ yóò gbọ́ ohùn àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe ìyípadà wọn láìṣe é parí: wúù, wúù, wúù, láìdúró. Ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín wà ní àdúgbò Ìjókà. Wọ́n mọ bí a ṣe ń mú ohùn yẹn kúrò lára ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ní kíkún ohun tí wọ́n ń ṣe, ìdí tí ó fi ń ṣiṣẹ́, àti ibi tí iṣẹ́ wọn ti kù díẹ̀ káàtó.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní. Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé kò fẹ́ràn iná tí ń lọ sókè sódò rárá. Bí fọ́ltéèjì bá ti yẹ̀, sitabiláísà yóò dún káú, yóò pa iná, ìwé tí ó wà nínú ẹ̀rọ yóò sì há síbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ mi jẹ́ oníkílówáàtì 2.5, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí àwọn ará Ṣáínà kọ́ ní àwòkọ Honda GX, oníṣísẹ̀ mẹ́rin, tí ó ní písítìn kan. Ẹni tí ó kọ́kọ́ yí i padà sí gáàsì fún mi kò ju kí ó yọ kábúrétọ̀ àtijọ́, kí ó de tuntun, kí ó so rọ́bà gáàsì mọ́ ọn, kí ó sì gba owó rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fara balẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e lọ sí Ìjókà.

Ọ̀gá tí ó ni ṣọ́ọ̀bù náà kọ́ṣẹ́ ní ìlú Oǹdó lórí ẹ̀rọ gàrí, àwọn ẹ́ńjìnnì Lísítà onídíísẹ́lì tí wọ́n ní àgbá irin ńlá méjì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Ẹ̀rọ irú èyí ṣì pọ̀ ní abúlé wa, ọ̀kan sì wà ní igun ṣọ́ọ̀bù náà tí ó ń tún ṣe fún ẹnì kan. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ ni ọ̀gá yìí ti kọ́ ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn atúnjẹnẹrétọ̀ ṣe ní Akúrẹ́: ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì onípísítìn kan kì í ní agbára ní gbogbo ìgbà. Nínú ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ń mú agbára wá. Mẹ́ta yòókù, ìyẹn fífa afẹ́fẹ́ àti gáàsì wọlé, fífún wọn pọ̀, àti títì èéfín jáde, agbára tí ó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Àgbá irin tí wọ́n ń pè ní fláíwíìlì ni ó ń tọ́jú agbára ìṣísẹ̀ kan náà, tí ó sì ń pín in fún mẹ́ta tí kò ní. Lísítà oníṣísẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní Dursley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí agbára rẹ̀ tó ẹṣin 6, kì í yí ju ìgbà 650 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà ni àgbá rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tiwa ń yí ní ìgbà 3000 kí iná rẹ̀ lè jẹ́ Hertz 50, ìyẹn ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára tí fláíwíìlì ń tọ́jú sì ń di ìlọ́po mẹ́rin nígbà tí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìdí nìyẹn tí èyí tí ó kéré fi tó fún un.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí ìtàn ẹ́ńjìnnì onígáàsì, nítorí pé ìṣòro tí a ń bá jà ní Akúrẹ́ lónìí ni àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é bá jà ní Yúróòpù ní ohun tí ó lé ní 150 ọdún sẹ́yìn, ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀ kò sì tíì di àtijọ́. Étienne Lenoir, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí ó ń gbé ní Paris, ni ó mú ẹ́ńjìnnì onígáàsì àkọ́kọ́ tí ó tà dáadáa jáde ní ọdún 1860. Gáàsì tí wọ́n ń rí láti inú èédú, tí wọ́n fi ń tan iná òpópónà nígbà náà, ni ó ń lò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í fún gáàsì pọ̀ kí ó tó tanná sí i. Ó ń fà á wọlé títí dé ìdajì ọ̀nà ni, iná mànàmáná yóò sì sọ sí i. Ìhà méjèèjì písítìn ni ó ń ti ṣiṣẹ́, nítorí náà kò burú púpọ̀ ní ti ìwọ̀n eré, ṣùgbọ́n ó ń gbóná kọjá ààlà, ó sì ń jẹ gáàsì bí iná ọyẹ́ ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ.

Ní ọdún 1867, Nikolaus Otto àti Eugen Langen gbé ẹ́ńjìnnì tiwọn lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní Paris, wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà, nítorí pé gáàsì tí ó ń jẹ kò tó ìdajì ti Lenoir. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́! Ìbúgbàù gáàsì á ju písítìn sókè lófìfo, láìso mọ́ ohunkóhun. Ìgbà tí písítìn bá ń padà bọ̀ nílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ayé ń tì í, ni eyín irin ara ọ̀pá rẹ̀ yóò tó gbá kẹ̀kẹ́ mú. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ó sì ń mi ilẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò fi irú rẹ̀ sábẹ́ ilé tí ènìyàn ń gbé.

Otto kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó mú jáde ní ọdún 1876 ni ìpìlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú jẹnẹrétọ̀ mi: ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tí a ń fún gáàsì àti afẹ́fẹ́ pọ̀ kí a tó tanná sí wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilé iṣẹ́ Crossley ní Manchester ti gba àṣẹ láti máa ṣe é, ohun tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ni Otto tí kì í pariwo. Ó wù mí láti mọ̀ pé bí eré ẹ́ńjìnnì ṣe máa dọ́gba ni ó jẹ Otto lógún jù. Ó gbà gbọ́ pé bí gáàsì bá pọ̀ ní tòsí ibi tí iná wà, tí afẹ́fẹ́ sì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ písítìn, jíjó rẹ̀ yóò rọra tàn ká dípò kí ó gbá písítìn lójijì. Àwọn tí ó tẹ̀lé e, Dugald Clerk láàárín wọn, jiyàn pé fífún tí ó ń fún gáàsì pọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà ju ìpín-sí-ipele yẹn lọ, ti wọn ni ó sì borí. Síbẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀ láti rí ẹ́ńjìnnì tí kì í fò sókè ni ó gbé e dé ibi tí ó dé.

Ẹ́ńjìnnì Otto ti ọdún 1876 ń yí ní nǹkan bí ìgbà 180 láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìgbà 90 péré ni agbára ń wọlé. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń dá eré rẹ̀ dúró kò sì gbé pẹ́ẹ́lí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti sáré kọjá ìwọ̀n, gọ́fánọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tí ń ṣọ́ ìwọ̀n eré ẹ́ńjìnnì, kò ní jẹ́ kí fáàfù gáàsì ṣí mọ́, ẹ́ńjìnnì yóò fa afẹ́fẹ́ nìkan, kò ní sí ìbúgbàù, títí eré rẹ̀ yóò fi rẹlẹ̀ kí gáàsì tó tún wọlé. Bí iṣẹ́ kò bá pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó lè fo ìbúgbàù mélòó kan kí ó tó tún gbà. Fún ẹni tí ó ń lọ àgbàdo, èyí kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ yí ẹ̀rọ iná mànàmáná, gílóòbù ń mọ́lẹ̀, ó ń ṣú, ó ń mọ́lẹ̀, ó ń ṣú. Wọ́n fi kún ìwúwo fláíwíìlì, wọ́n fi méjì sí i dípò ẹyọ kan, wọ́n so písítìn méjì pọ̀ kí agbára wọn lè máa gba ara wọn. Èyí tí ó wá pẹ́ jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé wọ́n yí ìwà gọ́fánọ̀ padà: dípò kí ó fo ìbúgbàù, ó wá ń dín ìwọ̀n àdàpọ̀ gáàsì àti afẹ́fẹ́ tí ń wọlé kù, kí gbogbo ìbúgbàù lè máa wáyé, ṣùgbọ́n kí agbára wọn kéré. Irú gọ́fánọ̀ yìí ni ó wà lára gbogbo jẹnẹrétọ̀ oníkábúrétọ̀ tí a ń tà ní Akúrẹ́.

Ohun kan tún wà tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ tiwa gan-an. Bí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bá ti fa gáàsì, ìfà náà máa ń dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, iná gáàsì ilé rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nítorí náà ni wọ́n fi ń so àpò rọ́bà mọ́ páìpù gáàsì ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ́ńjìnnì lè máa fà láti inú àpò yẹn, kí ipá gáàsì má sì yí padà púpọ̀. Awọ rọ́bà tí ó wà nínú régúlétọ̀ jẹnẹrétọ̀ onígáàsì ń ṣe iṣẹ́ tí ó jọ ti àpò yẹn, ó sì tún ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: kì í jẹ́ kí gáàsì kọjá rárá àfi bí ẹ́ńjìnnì bá fà á. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, gáàsì dúró. Àwọn mẹkáníìkì tí kò mọ iṣẹ́ awọ rọ́bà yìí ni wọ́n ń yọ ọ́ sọnù tí wọ́n ń fi họ́ọ̀sì lásán so sílíńdà mọ́ kábúrétọ̀, èyí tí ó léwu púpọ̀, tí kò sì lè fara balẹ̀ láéláé.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù náà, oníbàárà kan wà níbẹ̀ tí ó ń kánjú. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kàn bá mi yí sukúrù gọ́fánọ̀ yẹn sókè díẹ̀, kí n máa lọ." Ọ̀gá náà dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú, bọ̀dá. Sukúrù yẹn ni a máa fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Bí mo bá yí i báyìí, ẹ óò padà wá lọ́la." Ìdáhùn yìí ni gbogbo ohun tí mo ní láti sọ nípa iṣẹ́ wọn rọ̀ mọ́. Àwọn tí mo ti bá pàdé tẹ́lẹ̀ gọ́fánọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dì mú, nítorí pé òun ni ojú ń rí tí ó ń mì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ń fa ìdààmú gọ́fánọ̀ sábà máa ń wà níbòmíràn.

Fáàfù ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì nígbà tí ó tutù, ó fi abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo wò ó: mìlímítà 0.15 ni ó yẹ kí àlàfo fáàfù tí ń fa nǹkan wọlé jẹ́ lórí irú ẹ́ńjìnnì yìí, ti fáàfù èéfín sì jẹ́ 0.20. Ti fáàfù èéfín mi ti fún mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣàlàyé fún mi pé gáàsì kì í ní ọ̀rá díẹ̀ tí epo pẹtiróòlù ń mú wọlé, àti pé ojú tí fáàfù ń jókòó lé máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹni tí ń lo gáàsì gbọ́dọ̀ máa yẹ àlàfo yìí wò lemọ́lemọ́ ju ẹni tí ń lo epo lọ. Fáàfù tí kò pa dé tán ń jẹ́ kí fífún-pọ̀ jò, bí ó bá sì ti jò, ìbúgbàù kan kò ní jọ èkejì.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan púlọ́ọ̀gì. Gáàsì ṣòro láti tanná sí ju epo lọ, pàápàá nígbà tí àdàpọ̀ bá ní afẹ́fẹ́ jù, nítorí náà ó dín àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì kù díẹ̀ sí ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ní ayé Otto, iná tí ń jó níta ni wọ́n ń gbé wọlé nípasẹ̀ ihò tí ń ṣí tí ń pa dé. Lẹ́yìn náà wọ́n lo ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi iná mú gbóná títí ó fi pọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ pàtó ìgbà tí ọ̀pá yẹn yóò tanná sí gáàsì, ó lè yá, ó lè pẹ́. Ìgbà tí Robert Bosch ṣe magneto, ẹ̀rọ kékeré tí ń fi mágínẹ́ẹ̀tì pèsè iná ìtanná, fún ẹ́ńjìnnì adúrósójúkan ní ọdún 1887 ni ọ̀nà tí ó dájú bẹ̀rẹ̀ sí í là fún wọn. Òun ni bàbá ńlá ẹ̀rọ ìtanná tí ó wà lábẹ́ ìdérí fláíwíìlì jẹnẹrétọ̀ wa.

Ìgbà tí ó parí èyí ni ó tó yà sí ọ̀rọ̀ gáàsì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ sì ti wù mí jù lọ. Ó fi omi ọṣẹ pa gbogbo ìsopọ̀, láti ẹnu sílíńdà dé ẹnu kábúrétọ̀, ó ń wo ibi tí yóò ti hó. Lẹ́yìn náà ó tan ẹ́ńjìnnì, ó tún wo ìtòsí gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàárín kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ó fọwọ́ tì í báyìí, ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà. Afẹ́fẹ́ ń jí wọlé níbẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ yí i padà ti lo gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ó ti ya. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó yọ régúlétọ̀ tí wọ́n ti dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tí ó ń bá a gbọ̀n, ó dè é mọ́ férémù lórí rọ́bà, ó sì gbé e dúró lóòró kí awọ inú rẹ̀ má baà máa fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ̀ sí apá kan. Ó gé họ́ọ̀sì tí ó lọ láti régúlétọ̀ sí kábúrétọ̀ kúrú. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní bí ọ̀nà náà bá gùn, ẹ́ńjìnnì á béèrè gáàsì, gáàsì á pẹ́ kí ó tó dé. Ìgbà tí ó bá fi máa dé, gọ́fánọ̀ ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á sáré kọjá, gọ́fánọ̀ á tún pa á dé jù. Ohun tí ń ké wúù-wúù nìyẹn. N kò tíì gbọ́ àlàyé tí ó ṣe kedere bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ní ti sukúrù tí ń dín gáàsì kù tàbí tí ń fi kún un, kì í yí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà lófìfo. Ó so áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ méjì mọ́ ọn kí ó lè ní ẹrù, ó yí sukúrù náà wọlé títí ohùn ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́sẹ̀, ó yí i jáde títí ó tún fi wúwo, ó sì gbé e sí àárín. Ó tún béèrè bóyá sílíńdà tí mo gbé wá kún. Bí ó ti mọ̀ pé ó kún, ó lo tirẹ̀ tí ó ti dé ìdajì. Ìdí rẹ̀ ni pé gáàsì ìdáná wa jẹ́ àdàpọ̀ propane àti butane: propane ni ó ń yá láti di òyì, ìyẹn láti fẹ́ jáde bí afẹ́fẹ́, nítorí náà òun ni ó ń kọ́kọ́ tán, butane ni ó sì ń pọ̀ ní ìsàlẹ̀. Ìwọ̀n propane kan fẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 24 afẹ́fẹ́ kí ó tó jó tán, nígbà tí butane fẹ́ nǹkan bí 31. Ẹ́ńjìnnì tí a bá sukúrù rẹ̀ mu lórí sílíńdà kíkún kò ní rí bákan náà nígbà tí gáàsì bá kù díẹ̀. Ìdajì ni ó bá ìhà méjèèjì mu jù.

Gọ́fánọ̀ ni ó fi parí. Ó rí i pé sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ọ̀pá gọ́fánọ̀ máa mì ti sọnù, ó fi òmíràn sí i. Lẹ́yìn náà ni ó tó yí sukúrù tí oníbàárà ọjọ́ yẹn fẹ́ kí ó yí, kò sì yí i ju ìwọ̀n díẹ̀ lọ. Ó gbé eré lófìfo sí Hertz 52, ìyẹn nǹkan bí ìgbà 3120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ó lè bọ́ sí 50 nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́. Gọ́fánọ̀ oníwúwo àti sípíríǹgì kò lè ṣe kí eré má bọ́ díẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó dúró sójú kan pátápátá lórí irú ẹ́ńjìnnì yìí ni yóò tún mú kí ó máa ké wúù-wúù.

Àbájáde rẹ̀ dára. Ní ilé ìtẹ̀wé mi, nígbà tí mo tan ẹ̀rọ ẹ̀dà ìwé, kọ̀ǹpútà àti fáànù pọ̀, fọ́ltéèjì kò bọ́ ju bí ó ti yẹ lọ, sitabiláísà kò sì dún mọ́. Ibi tí mo ti mọ ìyàtọ̀ jù ni ìgbà tí ẹ̀rọ ẹ̀dà bá mú ooru rẹ̀ wá lójijì tí ó tún jọ̀wọ́ rẹ̀: ohùn ẹ́ńjìnnì á wúwo lẹ́ẹ̀kan, á sì padà sí ipò rẹ̀ láìyí sókè sódò. Agbára rẹ̀ dín díẹ̀ sí ti ìgbà tí ó ń lo epo, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, èyí kì í sì ṣe ẹ̀bi ṣọ́ọ̀bù náà. Òyì gáàsì ń gba àyè tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ gbà. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá ti kún ẹnu jẹnẹrétọ̀ lórí epo kò gbọdọ̀ retí pé gáàsì yóò gbé e.

Mo ní àwọn ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Iṣẹ́ wọn lọ́ra. Ọ̀gá náà kì í fi àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti dá nǹkan parí, èyí tí mo yìn ní apá kan, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ẹ́ńjìnnì pọ̀ nílẹ̀, ọjọ́ tí ó bá sọ pé kí ẹ wá kì í sì í sábà jẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ yín ń parí. Owó rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ohun tí àwọn mìíràn ń gbà lórí ìyípadà sí gáàsì, kò sì kọ ìwé àdéhùn kankan bí nǹkan bá bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni ẹ ní. Ó pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ fún mi, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ yìí yẹ kí ó ní ìwé. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé wọ́n ń dán ẹ́ńjìnnì wò nínú ṣọ́ọ̀bù tí ògiri mẹ́ta yí ká nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Èéfín ẹ́ńjìnnì onígáàsì kì í rùn bí ti epo, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi rò pé kò léwu, bẹ́ẹ̀ sì ni carbon monoxide wà nínú rẹ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa ènìyàn. Mo sọ fún wọn lójúkojú, mo sì tún ń sọ ọ́ níhìn-ín kí wọ́n lè ṣe òrùlé kékeré síta fún iṣẹ́ yẹn.

Wọ́n kì í sì í tẹnu mọ́ ibi tí ó yẹ kí oníbàárà gbé sílíńdà rẹ̀ sí nígbà tí ó bá délé. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà bí ó bá jò, ilẹ̀ ni ó ń sùn sí. Sílíńdà gbọ́dọ̀ wà níta, ní ìdúró, jìnnà sí sàléńsà. Bí sílíńdà bá kéré tí ẹrù sì pọ̀, ara rẹ̀ yóò tutù tó bẹ́ẹ̀ tí omi yóò fi máa ṣẹ́ sí i lára, ipá gáàsì yóò sì bọ́, àgàgà ní àárọ̀ ọyẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí ó ń ṣiṣẹ́ geere lósàn-án lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́sẹ̀ ní aago méje àárọ̀ nítorí èyí nìkan. Sílíńdà oníkílò 12.5 ni mo fi ń lo tèmi, kò sì tíì dà mí láàmú.

Ní ti ẹni tí ó yẹ kí ó lọ bá wọn: oníjẹnẹrétọ̀ oníṣísẹ̀ mẹ́rin tí ó ti yí padà sí gáàsì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì fara balẹ̀ ni iṣẹ́ wọn bá mu jù lọ. Àwọn tí ó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, èyí tí a ń pè ní ay-pàásì-mai-nébọ̀, kí wọ́n má gbé e lọ, nítorí pé inú epo yẹn ni ọ̀rá tí ń dáàbò bo písítìn rẹ̀ ti ń wá. Ọ̀gá náà dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà lójú mi, kò gba owó rẹ̀. Ó tún máa ń dá àwọn tí ó ní jẹnẹrétọ̀ oní-inverter padà, nítorí pé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni ó ń darí eré wọn, ó sì sọ ní gbangba pé òun kò mọ̀ ọ́n tó.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gbé sílíńdà tí ẹ ń lò gan-an àti régúlétọ̀ rẹ̀ dání, ẹ má kàn gbé ẹ́ńjìnnì nìkan. Ẹ sọ fún un ohun tí jẹnẹrétọ̀ yín ń gbé, kí ó lè so ẹrù tí ó jọ ọ́ mọ́ ọn nígbà tí ó bá ń yí sukúrù gáàsì. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ́ńjìnnì má tíì gbóná, nítorí kò ní wọn àlàfo fáàfù fún yín títí yóò fi tutù.